Kókó Kẹtàlélógún

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wo bọ́ọ̀sì tó kó àwọn ọmọ náà lọ sétí òkun. Dírẹ́bà rẹ̀ ṣì ń wà á. Kò sí àga ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú u. Bí ẹ bá bi í, á ní irin abẹ́ rẹ̀ ló dógùn-ún. Kò parọ́. Ohun tí kò ní sọ fún yín ni pé òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni irin náà fi dógùn-ún.

Tíṣà kíláàsì kẹta ló ni okùn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ, ṣùgbọ́n tíṣà tó bá kó ọmọ ọlọ́mọ jáde tí kò kà wọ́n, ojú rẹ̀ á rí màbo. Obìnrin yìí wá dá ọgbọ́n kan. Ó ra okùn gígùn, ó ta á ní kókó mẹ́tàlélógún, kókó kan fún ọmọ kan. Bí wọ́n bá ti jáde, ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ òsì di kókó tirẹ̀ mú. Tíṣà kò ní ka ẹnikẹ́ni. Kókó ló máa wò. Èyí tó bá ṣófo, ẹni tó ni ín ló sọnù.

Ní sáà yẹn, ohun abẹ̀mí inú òkun ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n kun ẹja sára ògiri, wọ́n fi páálí gé akàn, wọ́n fi ọ̀rá ṣe koríko inú omi. Tíṣà tún pín orúkọ fún wọn. Ọmọ kan ń jẹ́ Akàn, torí pé ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi rìn bí wọ́n bá pè é síwájú pátákó. Ọ̀kan ń jẹ́ Edé, kì í jókòó sójú kan. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ló yarí pé Àbùùbùtán ni òun máa jẹ́, wọ́n sì fún un. Kálukú ya àwòrán ohun tó ń jẹ́ sórí páálí, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kọ́ ọrùn.

Ọmọ tíṣà fúnra rẹ̀ wà nínú kíláàsì náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Òun ló ni kókó ìkẹyìn. Ìṣáwùrú ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, á kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sínú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mú. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un, kò dáhùn òmíràn mọ́. Ìyá àgbà, ìyá tíṣà tó ń bá wọn gbé, pe orúkọ ilé títí, ẹnu ro ó. Bí èèyàn bá pe Ìṣáwùrú nìkan ló ń gbọ́ "Mo wà níbí!"

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sétí òkun, ibà dé. Ara ọmọ náà ń jó. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Mọ́mì, mo máa lọ."

"O ò lè lọ."

"Ẹ ṣèlérí."

Tíṣà kò lè jókòó tì í. Ọmọ méjìlélógún ti tò sẹ́nu ọ̀nà iléèwé, dírẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Ìyá àgbà ló máa tọ́jú rẹ̀. Bí tíṣà ṣe ń wọ bàtà ni ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi.

"Ẹ mú páálí mi dání. Ẹ so ó mọ́ kókó mi."

"Mo ti gbọ́."

"Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí."

"Màá pè ọ́."

"Ẹ pè mí dáadáa o, kí n lè gbọ́."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó sì jáde. Ohunkóhun tí ọmọ náà bá béèrè láàárọ̀ yẹn ni ì bá gbà.

Ilé gígùn kan wà létí òkun tí wọ́n ti ń kó nǹkan inú òkun sínú àpótí gíláàsì. Obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún ló ń tọ́jú ibẹ̀. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Àǹtí Oníbàtà kó tó parí kíkí wọn. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìràwọ̀ òkun. Ó fi ẹyin ẹja hàn wọ́n. Níkẹyìn, ó gbé ìkarahun kan lé àtẹ́lẹwọ́.

"Ìṣáwùrú ló ni èyí. Ìṣáwùrú ti kúrò níbẹ̀. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wò ó."

Wọ́n dákẹ́. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn pariwo.

"Akàn ni!"

"Èmi kọ́ o!" ni Akàn fèsì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Akàn tí kò ní ilé ni," ni obìnrin náà wí. "Tó bá ti rí èyí tó ṣófo, á wọlé. Ohun tó bá ṣófo kì í pẹ́ lófo létí òkun."

"Bí ìṣáwùrú bá padà wá ńkọ́?" Edé ló béèrè.

"Kò ní rí ibi padà sí."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi. Òkun ti fà sẹ́yìn, ó fi àpáta àti kòtò omi kéékèèké sílẹ̀ láàárín iyanrìn. Oòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìgbì ń ru. Àwọn ọmọ di okùn mú, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Páálí Ìṣáwùrú ń fì lára kókó ìkẹyìn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.

"Akàn!"

"Mo wà níbí!"

"Ìràwọ̀ Òkun!"

"Mo wà níbí!"

Ó pe méjìlélógún, méjìlélógún dáhùn. Ó ku ìlérí. Àǹtí Oníbàtà ti sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ wà lára páálí tó ń fì.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Ọmọ mi ni. Ara rẹ̀ ò yá, kò lè wá. Mo kàn fẹ́ pè é kí inú rẹ̀ lè dùn ni."

"Ẹ má pè é."

"Kí ló dé?"

"Àwa kì í pe ẹni tí kò wá, níbí yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, eré ọmọdé ni."

Obìnrin náà mi orí. Ó yíjú sí omi. Tíṣà rántí ohùn ọmọ rẹ̀ pé kí ó pe òun dáadáa, ó sì lanu, ó pè é pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀.

"Ìṣáwùrú!"

Ìgbì dákẹ́. Kì í ṣe pé ó rọlẹ̀ o. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, ojú rí i, etí ò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo wà níbí."

Ohùn kékeré ni. Láti ẹ̀yìn pátápátá ló ti wá, lápá ibi tí omi wà. Tíṣà rò pé ọmọ kan ló ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn kọjú síwájú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Okùn tó ti ń fì lẹ́yìn Àbùùbùtán, ọmọ tó kẹ́yìn, ti fà le gan-an, bí ìgbà tí wọ́n bá dì í mú lọ́hùn-ún.

Nígbà náà ni ìró ìgbì padà.

"Ẹ kó wọn lọ," ni Àǹtí Oníbàtà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ kó wọn lọ báyìí. Ẹ má wẹ̀yìn."

Wọ́n gun òkè lọ. Tíṣà kò wẹ̀yìn títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì. Ìgbà tó yíjú, omi ń kán tó, tó, tó lára kókó ìkẹyìn. Páálí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Dírẹ́bà ló máa ń kà wọ́n bí wọ́n bá ti wọlé. Èèyàn aláwàdà ni, ó máa ń ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ta ọmọ kan lọ́rẹ lójú ọ̀nà.

"Tíṣà, ó pé. Mẹ́tàlélógún."

"Méjìlélógún ni wá lónìí."

"Mẹ́tàlélógún ni mo kà. Ẹ wá kà á."

Ó kà á. Ó mọ gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, kò sí àjèjì nínú wọn, ọmọ rẹ̀ náà kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti ka ti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tán, mẹ́tàlélógún ló ń jẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí dírẹ́bà máa wà á lọ.

Wọ́n ti rìn jìnnà kí Edé tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tíṣà.

"Tíṣà, Ìṣáwùrú ní òtútù ń mú òun."

"Ìṣáwùrú wà nílé."

"Ó ní ẹ̀yin lẹ pe òun."

Ẹ̀rù ba tíṣà débi tí kò lè yíjú sẹ́yìn. Ó fa Edé mọ́ra, ó sì tẹ ojú mọ́ títì títí wọ́n fi dé iléèwé. Níbẹ̀, àwọn òbí wá gba ọmọ wọn. Àbùùbùtán lọ, Akàn lọ, méjìlélógún lọ. Bọ́ọ̀sì ṣófo. Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó ti ń bá ara rẹ̀ wí pé oòrùn ló mú òun lórí.

"Tíṣà," ni dírẹ́bà pè láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan."

Àga kọ̀rọ̀ ti rin gbindin. Iyanrìn wà lórí rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ kékeré tó tutù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà iléèwé jáde, ó sì yà sí òpópónà tí ilé tíṣà wà.

Ó sáré. Kò rántí báàgì, kò rántí okùn.

Ìyá àgbà ló ṣílẹ̀kùn, ó fojú burúkú wò ó.

"Ìwọ ọmọ yìí! O wá jẹ́ kí ọmọ nìkan máa rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́?"

"Ọmọ wo, Màámi?"

"Ọmọ wo kẹ̀? Mo rò pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, àfi bó ṣe kan ilẹ̀kùn, páálí lọ́rùn. Ṣé ó yọ́ tẹ̀ lé yín lọ ni? Gbogbo ara rẹ̀ kún fún iyanrìn. Mo ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un ní balùwẹ̀."

Ìró omi ń wá láti balùwẹ̀. Ọmọ kan ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀, orin kíláàsì kẹta. Ẹsẹ̀ tíṣà gbé e lọ sí yàrá. Èèyàn kan wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí aṣọ. Ó gbóná.

Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá wà lọ́tùn-ún, balùwẹ̀ wà lósì. Ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó ní láyé, kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa yà sí. Ó ṣe ohun tí ìyá máa ń ṣe bí ó bá ń wá ọmọ.

"Ìṣáwùrú?"

"Mo wà níbí."

Láti yàrá. Láti balùwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà.

Orin dákẹ́. Bẹ́ẹ̀dì dún. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí. Tíṣà di ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń dùn ún jù títí dòní, pé òun di ojú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ gbígbẹ, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tútù. Kò tún gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà tó lajú, ọmọ kan ló dúró síwájú rẹ̀, páálí lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Balùwẹ̀ ṣófo.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọwọ́ ọ̀tún gbóná. Ọwọ́ òsì tutù bí ìkarahun.

Ilẹ̀ mọ́, ibà ti lọ. Ọmọ náà jẹun, ó lọ síléèwé, ó jà pẹ̀lú Edé nítorí pẹ́ńsù, wọ́n sì tún bá ara wọn rẹ́. Ìyá àgbà ní kò sí nǹkan kan, pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́rùn tíṣà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tíṣà kò fẹnu pe ọmọ kankan mọ́ ní kíláàsì. Á máa rìn láàárín àga, á máa wo ojú wọn, á fi bírò sàmì. Nílé, "ìwọ" ló ń pe ọmọ rẹ̀. Tàbí "wá." Tàbí "jẹun." Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá pè é, ìdáhùn lè ti ibi méjì wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ya irun ọmọ náà lẹ́yìn ilé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri.

"Mọ́mì."

"Hùn."

"Kí ló dé tí ẹ kì í pe orúkọ yẹn mọ́?"

Ọwọ́ tíṣà dúró nínú irun. Ọmọ náà kò yíjú. Ó ń fi ọwọ́ òsì ṣeré lórí iyanrìn, ó ní sùúrù, ó dúró dè é.

"Ẹ pè é," ló wí. "Ìṣáwùrú ti ń retí yín láti ọjọ́ yẹn. Ẹ pè é dáadáa, kó lè gbọ́."