Èso Óákù Orí Tábìlì Ìdúpẹ́

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin tí mo fẹ́ràn bá mi sọ ni pé olè ni mí.

Mo wà lórí àkàsọ̀ lẹ́yìn oko ápù àwọn Stauffer, mo ń gé ìtàkùn àjàrà igbó tí mo fẹ́ fi hun adé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa fún Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ó yọ láàárín igi, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ olè yìí, sọ̀ kalẹ̀."

Bó ṣe pè mí ní ìwọ, èmi náà kò pè é ní ẹ̀yin. "Ìtàkùn yìí ń fún igi rẹ lọ́rùn pa. Ó yẹ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Igi náà ni."

Ó fẹ́ bínú sí i, àmọ́ ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó di àkàsọ̀ náà mú fún mi títí mo fi gé e tán. Wendell lorúkọ rẹ̀. Kí òtútù tó mú gan-an, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wa.

Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé ní apá Ohio tiwa, èmi àti bàbá mi kì í ra ohun ọ̀ṣọ́. Ohun tí Ọlọ́run dà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fi ń ṣe é: háhá àgbàdo tí mo fi okùn dì, èso igi páìnì, ewé pupa tí mo tẹ̀ sáàárín ìwé ńlá, èso óákù nínú abọ́ onígi. Wendell a máa wá bá mi ní kíṣìnì, a ó jọ da èso óákù sórí páànù, a ó tì í sínú ààrò sítóòfù.

"Kí ló dé tí a fi ń yan ohun tí a kò ní jẹ?"

"Kòkòrò ń gbé inú rẹ̀, olólùfẹ́. Bí o kò bá yan án, tí ilé bá ti móoru, wọn á gbẹ́ ihò jáde wá kí ọ."

Bí èso náà bá gbẹ, fìlà orí rẹ̀ a máa bọ́. Wendell ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n padà níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àtàńpàkò rẹ̀ tó tóbi yẹn. Mo fẹ́ràn ọwọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ mi. Ewé rọ́bà tí Ìyáàfin Lavina Stauffer rà ní ṣọ́ọ̀bù ló kún ilé rẹ̀, ìdọ̀tí igbó ló ń pe tèmi. Ọjọ́ tí Wendell kọ́kọ́ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó béèrè orúkọ mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Orpa? Ṣé kì í ṣe òun ló fẹnu ko ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, tó sì pẹ̀yìn dà?"

"Òun ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé yín."

Wendell di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Jọ̀ọ́, fara dà á. Kí ìwọ àti bàbá rẹ wá bá wa jẹun ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Nígbà tó bá kàn mí láti dúpẹ́, màá sọ fún gbogbo ẹbí pé a fẹ́ ṣègbéyàwó."

Nítorí ìlérí yẹn ni mo ṣe gbé abọ́ èso óákù mi tó dára jù lọ fún ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ikọ́ kò jẹ́ kí bàbá mi lè lọ. Èmi nìkan ni mo lọ. Àwo oúnjẹ ti bo tábìlì, n kò ráyè wo abọ́ mi tó wà láàárín. Kí ọ̀bẹ tó kan tọ̀lótọ̀ló, oníkálukú ní láti sọ ohun tó ń torí rẹ̀ dúpẹ́. Àbúrò bàbá Wendell ló ń sọ tirẹ̀ nígbà tí kòkòrò funfun kan, tó sanra, já bọ́ láti inú abọ́ mi sórí aṣọ tábìlì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ìyáàfin Stauffer dìde. "Ṣé mo sọ àbí n kò sọ? Ìdọ̀tí igbó lọmọ yìí kó wọ ilé mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé nílé wọn nìyẹn."

Mo fa abọ́ náà mọ́ra. Lórí èso tèmi ni wọ́n ti da èso ńláńlá lé, tí fìlà wọn ní irun bí irùngbọ̀n arúgbó. Igi kan ṣoṣo ló ń so irú rẹ̀ ládùúgbò wa, iwájú ilé yìí ló sì wà. Kò sí gọ́ọ̀mù lára ìkankan nínú wọn; ẹnikẹ́ni kò yan wọ́n. Mo wo Wendell. Ó ń wo àwo rẹ̀.

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ó mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa bá ìdúpẹ́ lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wendell, ìwọ ló kàn."

"Mo dúpẹ́ fún oúnjẹ," ló wí. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Ó kàn mí. Mo dìde. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí ọkùnrin yìí dáadáa kí n tó fẹ́ ẹ."

Mo gbé abọ́ mi, mo jáde.

Mo ń fẹsẹ̀ ta ewé gbígbẹ ká gbogbo ojú ọ̀nà. Mo fẹ́ kọ orin ìyìn, ẹnu mi kò là. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló dùn mí jù, torí òun kò fi ìkórìíra rẹ̀ pa mọ́ rí. Ẹni tó lẹ fìlà èso óákù padà ní kíṣìnì mi, tó wá di odi nígbà tí wọ́n ń bú mi, òun ni ìbínú mi ń jó.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. "Ọkùnrin tí kò lè sọ òtítọ́ níwájú ìyá rẹ̀," ló wí, "ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò ti máa gbèjà ìyàwó."

Ìwé Mímọ́ kò gbà mí láyè láti bínú kọjá ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ìgbà yẹn kì í pẹ́ wọ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Olúwa, bó bá máa wá, kó tètè wá. N kò ṣetán láti dárí jì í, oòrùn sì ti ń lọ."

Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Stauffer dé nígbà tí oòrùn kan orí òkè. Wendell sọ̀ kalẹ̀.

"Orpa mi, èmi ni mo fi garawa kó àwọn èso ńlá yẹn wá. Mọ́mì ní abọ́ rẹ kò kún, pé ó dà bí abọ́ alágbe. Mo mọ̀ pé a kò yan án. Mo rò pé kò ní ṣe nǹkan."

"N kò bi ọ́ nípa garawa. Ẹnu rẹ ni mo ń bi ọ́."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà, mo sì sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti bú mi ni kí o lọ sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà bàbá mi."

"Mo ti sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìdúpẹ́ mi ṣe. Mo sọ ti garawa. Mo sọ ti ìgbéyàwó."

"Kí ni màmá rẹ wí?"

Ó wẹ̀yìn wo ọkọ̀. Ìyáàfin Stauffer ń sọ̀ kalẹ̀ tòun ti épírọ́ọ̀nù rẹ̀, páànù èso óákù tútù lọ́wọ́. Kò wo ojú mi.

"Ààrò yẹn," ló wí, "ṣé iná kékeré ni, àbí iná ńlá?"

N kò gbọ́ ọ rí kí obìnrin yìí bi ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á.

"Iná kékeré, mà. Kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀."

"Bí fìlà rẹ̀ bá bọ́ ńkọ́?"

"Wendell á lẹ̀ ẹ́."

"Ó tọ́ sí i." Ó gbé páànù náà mọ́ra. "Ohun tí mo sọ nípa ilé yín, kò yẹ kí n sọ ọ́. Tọ̀lótọ̀ló ti tutù, a kò tíì gé e. Sọ fún bàbá rẹ kó mú kóòtù."

Ìbínú mi kò tíì tán. Mo sọ fún Wendell nínú ọkọ̀ pé òun nìkan ni yóò lẹ gbogbo èso garawa náà, ó sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, olólùfẹ́." Oòrùn ku díẹ̀ kó wọ̀ tán. Mo gbé abọ́ mi lé itan, èjìká mi kan èjìká ìyá rẹ̀.

Orpa inú Ìwé Mímọ́ padà sílé ìyá rẹ̀. Èmi, ilé ìyá ọkọ ni mo padà sí.