Bátìrì Yó, Ṣájà Kò Mọ̀

Ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó kan ní ọdún 1999, Ayọ̀kúnlé ń kó pàǹtí inú gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì, nígbà tí Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, pè é láti inú yàrá.

"Bàbá Moyin, ẹ wá wo tọ́ọ̀ṣì yín. Ó ti wú!"

Olùkọ́ ni Ayọ̀kúnlé, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe tọ́ọ̀ṣì náà, irú èyí tí à ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná kí bátìrì inú rẹ̀ lè gba agbára. Méjì péré ló ṣì ṣe tán, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìjọ ti ń bèèrè tiwọn nítorí ìkórè. Ó wọlé, ó fọwọ́ kan ike tọ́ọ̀ṣì náà. Ó gbóná janjan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì yọ gọngọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Kíá, ó pa iná níbi ògiri.

"Ṣebí iná aláwọ̀ ewé yẹn ṣì ń tàn dáadáa?" Morẹ́nikẹ́ bèèrè.

"Ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa bátìrì. Ó kàn ń sọ pé iná Nẹ́pà wà ni."

"Báwo wá lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé bátìrì ti yó?"

Ayọ̀kúnlé fa wáyà tọ́ọ̀ṣì náà yọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ṣájà inú tọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀yà tí yóò máa ṣọ́ bátìrì, tí yóò máa wọn agbára inú rẹ̀, tí yóò sì já iná bó bá ti kún. Ó ti ya àwòrán ẹ̀yà náà, ó ti dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àwọn èèyàn sì ń kánjú. Ni ọ̀gbẹ́ni bá dá ara rẹ̀ lóhùn pé, ní ìlú tí iná kì í pẹ́ kó tó lọ, kí la fẹ́ fi ohun tó ń já iná ṣe? Nẹ́pà á bá wa já a lọ́fẹ̀ẹ́! Ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi ṣe ìlànà fún ẹlòmíràn. Ọgbọ́n burúkú gbáà ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti Àbújá. Láti Ọjọ́rú ni iná ti dé, kò sì ṣẹ́jú. Gbogbo èèyàn ń dúpẹ́.

"Bàbá Moyin," ni Morẹ́nikẹ́ wí jẹ́jẹ́, "èyí tí ẹ fún Àǹtí ní Ìgbẹ́mọ ńkọ́?"

"Yéè!" ni Ayọ̀kúnlé ké. Àǹtí Monínúọlá ni ẹ̀gbọ́n Ayọ̀kúnlé obìnrin, ẹni tó gbin ìrẹsì títí tó fi rán an dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òun ni Ayọ̀kúnlé kọ́kọ́ fún ní tọ́ọ̀ṣì. Ó sì ti kìlọ̀ fún un pé: "Ẹ má yọ ọ́ rárá. Nẹ́pà á yọ ọ́ fún yín."

"Kí ló lè ṣe é?" Morẹ́nikẹ́ bèèrè, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wá bàtà.

"Bí bátìrì bá yó tí iná ò dúró, ásíìdì inú rẹ̀ á máa hó, á máa tú afẹ́fẹ́ jáde. Ike sì ti sé afẹ́fẹ́ náà mọ́. Bí bọ́tìnnì bá ta iná tín-ín-rín, ó tó kó bú!"

Tẹlifóònù kò sí nílé Àǹtí. Ayọ̀kúnlé sáré dé ojú títì, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ṣì ń lọ, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Ó bẹ ọlọ́kadà kan, onítọ̀hún ta kú.

"Ọ̀gá, ṣé kí wọ́n gba ọ̀kadà mi lẹ fẹ́? Ẹ ní sùúrù."

Sùúrù kẹ̀! Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo aago. Bí wọ́n ṣe ní kí ọkọ̀ máa lọ, ó fò sẹ́yìn ọlọ́kadà náà, wọ́n sì gba ọ̀nà Ìgbẹ́mọ lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Àǹtí Monínúọlá ń sá ìrẹsì síwájú ilé. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

"Kúnlé! Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, tọ́ọ̀ṣì dà?"

Ó rò pé Kúnlé wá wò ó bóyá òun ń tọ́jú ẹ̀bùn rẹ̀ ni.

"Ó wà ní ulé! Mi ò yọ ọ́ rárá, bí o ṣe wí. Uná rẹ̀ ṣì ń tàn. Jẹ́ kí n mú un wá."

Ó ti wọlé. Ayọ̀kúnlé pariwo pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" ṣùgbọ́n ariwo ọ̀kadà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àǹtí jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé tọ́ọ̀ṣì náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Ó bú gbàù.

"Ojú mi o! Kúnlé, ojú mi!"

Ayọ̀kúnlé fà á lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù omi. Aládùúgbò kan ti gbé ìgò òróró àdúrà dé.

"Ẹ jẹ́ ká fi èyí sí i lójú!"

"Ẹ gbàdúrà, mà, ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n omi nìkan ni kó wọ ojú yìí, omi púpọ̀!"

Ó ń fi ìka la ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń da omi sí i, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Adó, wọ́n gbé omi dání, wọ́n sì ń dà á sí i lójú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

"Omi yẹn ló gba ojú ọ̀tún là," ni dókítà wí. "Ti òsì ti lọ."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú báńdéèjì lójú, Àǹtí na ọwọ́ wá ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Kúnlé, ṣé o mọ̀ pé ó lè bú?"

Ì bá purọ́. Kò sí ẹni tí ì bá já irọ́ náà.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Àǹtí fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì kọjú sí ògiri.

Ayọ̀kúnlé lọ sọ òtítọ́ níwájú ìjọ. Tọ́ọ̀ṣì kankan kò tún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ẹ̀yà tó ń ṣọ́ bátìrì. Ó ṣe ọ̀kan lọ fún Àǹtí, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Àǹtí kò gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ohun tí aráàlú ń lò, ẹ má fi àléébù ìlú ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ yín. Àléébù náà lè sinmi lọ́jọ́ kan, èèyàn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ bèèrè ohun tó ń já iná nígbà tí bátìrì bá yó. Bó bá gbóná tàbí tó wú, ẹ pa iná níbi ògiri, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ jìnnà sí i. Bí ásíìdì bá ta síni lójú, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ wo èyí tó wà lára ògiri yín.