Àpọ́n Inú Odò

Nígbà tí obìnrin kan tó wá kẹ́kọ̀ọ́ nílùú òtútù lókè òkun ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀, tó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òsì. Ọ̀sán gangan ni.

Èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ni ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní yàrá kejì lòun ń gbé, òun wá bá a mú ọ̀pọ̀lọ́ tó wọlé rẹ̀, nítorí igbe rẹ̀ kò jẹ́ kóun sùn. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tún ké bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

“Yéè! Ìyá mi ò!”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti dé ìlú òtútù yìí, inú fóònù nìkan ló ti ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀.

“Ẹ má bínú. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ kankan níbí. Ohùn wọn ni mo gbà sílẹ̀ létí odò wa nílé, iye wọn ni mò ń kà fún ẹ̀kọ́ mi.”

“Ẹ ò ṣe kà á nílé? Ẹ fi ọ̀pọ̀lọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ wá ń kà á lókè òkun?”

Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Obìnrin náà sì sọ ọkùnrin náà ní Oníbúrẹ́dì, nítorí òru ló fi ń ṣe búrẹ́dì, tó ń fi ọ̀sán sùn.

Ìdánìkanwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ bá kí èèyàn lójú pópó, onítọ̀hún á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Àwọn igi ibẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé, kòkòrò kan kì í ké lórí wọn. Ó wá di pé láràárọ̀, kí Oníbúrẹ́dì tó lọ sùn, á gbé búrẹ́dì gbígbóná wá, wọn á jọ jẹ ẹ́, wọn á jọ máa gbọ́ odò.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ṣàlàyé fún un pé awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ fi ń mu omi. “Bí odò bá ti ń bàjẹ́, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́.”

Kọ̀ǹkọ̀ kan wà nínú ohùn tí wọ́n ń gbọ́ náà tó jẹ́ pé bí gbogbo wọn bá dákẹ́, òun nìkan á ṣì máa ké. Oníbúrẹ́dì ló sọ ọ́ ní Àpọ́n.

“Àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn?”

“Abo kì í dáhùn. Tó bá gbọ́ ohùn tó wù ú, ó kàn máa ń rìn wá ni.”

“Àpọ́n á sì ti máa rò pé wọn ò fẹ́ òun!”

“Á ṣáà máa pè.”

Ọwọ́ wọn kan ara wọn lórí búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó yọ tirẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kọ́ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dúró, iṣẹ́ wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ pè é. “Ọmọ mi, àwọn agégẹdú ti dé òkè odò o. Omi wa ti ń pọ́n.” Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó di ẹrù rẹ̀.

“Ṣé wàá bá mi lọ?” ló bi Oníbúrẹ́dì.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. “Ọdọọdún ni mo máa ń sọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀. Wọ́n ń retí mi títí wọ́n fi kú. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́, olólùfẹ́ mi.”

Ó bá a gbé báàgì dé ibi tí wọn kò ti jẹ́ kó kọjá mọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Obìnrin náà sunkún dé ilé.

Bàbá rẹ̀ kó àwọn àgbà jọ. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn odò tó gbà sílẹ̀ kó tó rìnrìn àjò, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti òní. Bí òní ṣe dákẹ́ tó dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n sì ní kí àwọn agégẹdú kó ayùn wọn kúrò. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Síbẹ̀, yàrá rẹ̀ nílé kò yàtọ̀ sí tòkè òkun. Oníbúrẹ́dì máa ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òtútù àti ìyẹ̀fun ló máa ń sọ.

“Ọkùnrin tí ò lè sọ pé òun ń bọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, “o ò ṣe gbàgbé ẹ̀?”

Kò gbàgbé. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

Òjò wá rọ̀, omi odò sì padà mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sétí odò, ó gbọ́ Àpọ́n tó ń dá nìkan ké.

“Máa pè lọ,” ó sọ fún un. “Èmi náà pè títí.”

Ewé gbígbẹ ró lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú. Oníbúrẹ́dì ni, àpótí lórí, bàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ ti gba èkejì.

“O ò sọ pé o ń bọ̀!” Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ fò dìde. “O ò sọ nǹkan kan!”

“Ṣebí ìwọ lo sọ pé ẹni tó bá gbọ́ kì í dáhùn?” Ó sọ àpótí kalẹ̀. “Mo ti fi ilé búrẹ́dì lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ohùn Àpọ́n ni mo tẹ̀ lé dé ibí. Bàbá rẹ wà nílé?”

“Wọ́n wà nílé. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo wá ṣe.”

“Mo wá tọrọ ọmọ wọn,” ni Oníbúrẹ́dì wí. “Ìyẹn, mo lè fẹnu sọ.”