Yàrá Baba Gúlúù

Ìwé tó ya ní ọjọ́ Ẹtì ti di odindi nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé. Obìnrin tó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní káńtà ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé e wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìkàwé yunifásítì náà, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin.

"Mà, ìwé ìṣègùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já nìyí. Èmi fúnra mi ni mo kó o mọ́ àwọn tí a fẹ́ dà nù. Ta ló rán an?"

Ọ̀gá ṣí i wò. Òwú funfun, ojú abẹ́rẹ́ méje, kókó kékeré kan tí wọ́n ta sí apá òsì. Gúlúù ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀gá yára pa ìwé náà dé.

"Bóyá wọ́n gbé e lọ síta lọ rán ni," ó ní. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ta kókó báyẹn, torí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Baba Gúlúù nítorí ìka rẹ̀ tí kì í mọ́ láéláé. Ó ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ilé ìkàwé yẹn náà ni wọ́n ti pàdé. Ọmọge tó ń to ìwé padà sórí pẹpẹ ni obìnrin náà nígbà yẹn, ọkùnrin náà sì ń rán ìwé ní yàrá ìsàlẹ̀. Ọkọ ló ń gbé ọmọ pọ̀n, tó ń dáná, títí ìyàwó fi gboyè kejì, tó di olórí ẹ̀ka, tó di igbákejì. Nígbà tí ipò ọ̀gá àgbà ṣófo, ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan ọ̀gá tuntun bi í pé kí ló máa gé kúrò kí àyè lè wà fún kọ̀ǹpútà. Ó ní yàrá tí wọ́n ti ń rán ìwé ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ lẹ́tà pé kí wọ́n ti yàrá náà pa. Wọ́n fún un nípò.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ló ṣe é, pé òun á wádìí ẹni tó dábàá rẹ̀. Ọkọ ò bínú. Ó kàn ń jókòó síwájú ilé lójoojúmọ́, ó ń fi ìka ra ìka. Kò pé ọdún kan tó fi kú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwé mọ́kànlá ni wọ́n bá lórí káńtà ní rírán. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kún òkè fọ́fọ́, ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá náà. Ágádágodo ti dípẹtà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ òòlù kékeré nínú yàrá: kó, kó, kó.

"Bàbá wọn," ó pè é jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Òòlù dúró. "Ìyá wọn, o ò tíì jẹun ọ̀sán, àbí?"

Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Omi lé ròrò sójú obìnrin náà.

"Mi ò ní pẹ́ parí," ohùn náà ní. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù nílẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n ti ibí pa, ṣé o ti bá mi wádìí rẹ̀? Mo ní kí n dúró gbọ́ kí n tó máa lọ."

Ìgbà yẹn ló yé e pé ọkùnrin náà gba òun gbọ́ títí wọnú ilẹ̀. Ó lè dárúkọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Mo fẹ́ ipò náà ni."

Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àga sẹ́yìn nínú lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró. Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn. Pákó náà lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ọwọ́ mìíràn wà lódìkejì. Ó ń retí pé kó sọ̀rọ̀, ì báà tiẹ̀ jẹ́ èébú. Díẹ̀díẹ̀ ni pákó náà ń tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, títí ó fi dà bí òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà bá a já ágádágodo náà. Eruku bo ilẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí àga, wọ́n ti ká a pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò ní í wọ̀ ọ́ mọ́.