Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Kúrò

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Moríyọ̀ tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà wà níbẹ̀ ní apá kan rẹ̀. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta ní Ṣàgámù báyìí. Bí ẹ bá bi í, ó lè má fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n kò ní í sọ pé irọ́ ni.

Ọdún 1998 ni. Iléèwé gíga ìjọ kan tó ń pa Sábáàtì ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, nítòsí Ìkẹ́nnẹ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì so mọ́ wáyà tẹlifóònù. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa ń fi wáyà yẹn pe Èkó. Ẹ̀rọ á ké, á hó, á dákẹ́. Lẹ́tà á wọlé, tiwa náà á sì jáde. Gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ní nìyẹn.

Rédíò ni mo fẹ́ràn. Kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń gbọ́ o. Ti ṣọ́ọ̀tùwéèfù ni, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ rọra yí, títí ohùn ìlú òkèèrè á fi yọ láàárín ariwo. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìjíròrò kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. A tó ogójì. Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Èkó, mẹ́ta ní Ṣàgámù, àwọn yòókù wà káàkiri òkè òkun. Ọ̀dọ̀ mi ni lẹ́tà oníkálukú ń kọ́kọ́ dé. Mo máa ń kà á kí n tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: rédíò nìkan. Iléeṣẹ́ tí o gbọ́, aago tí o gbọ́ ọ, ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, bí ohùn ṣe lágbára tó. Kò sí ìṣèlú. Kò sí ìwàásù. Kò sí ìròyìn ilé. Mo nídìí tí mo fi ṣe é. Lọ́dún tó ṣáájú, ìjà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ológun fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Òfin mi ló mú kí ara rọ wá. Wọ́n yìn mí, ìyìn náà sì dùn mọ́ mi. Bí lẹ́tà bá ti ní ìrù tí kì í ṣe ti rédíò, mo máa ń gé ìrù náà. Nígbà tó yá, mi ò tiẹ̀ ń ronú mọ́ kí n tó gé e.

Bàbá Lásúnkànmí wà nínú ẹgbẹ́ wa. Akaka ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ tẹligíráàmù rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ta wáyà láti orí òrùlé dé orí igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé, kí rédíò wọn lè gbé ohùn jíjìn. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan. Wọ́n á tún un kọ sórí tákàdá, wọ́n á sì gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Moríyọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì wa, ló máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà Bàbá kì í ṣàì ní ìrù. "Òjò ti ba ẹ̀gẹ́ mi jẹ́." "Òní ló pé ọdún méje tí ìyàwó mi kú." Mo ń gé e.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí.

"Éfúráímù, àwọn èèyàn ò rí ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀rọ̀ rédíò nìkan là ń sọ níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni wọ́n fi dá mi lóhùn, bí àwọn àgbà Akaka ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní, ẹni tó ń gbọ́ rédíò náà ńkọ́?

"Òfin ni, Bàbá."

"Ó dáa. Òfin ni."

Nínú oṣù kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ kan dé, Bàbá ò wá. Sàídì ọlọ́kadà tó máa ń gbé wọn ló dá wá, ó mú tákàdá tí wọ́n ká sí mẹ́rin lọ́wọ́.

"Bàbá ńkọ́?"

"Ara wọn ò yá, sà. Wọ́n ní kí n gbé e fún yín."

Moríyọ̀ jókòó, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Lójijì, ọwọ́ náà dúró.

"Sà, ti ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

Mo tẹ̀ síwájú, mo kà á. "Àyà ń dùn mí láti ọjọ́ Ajé. Adétóun ọmọ mi wà ní Jọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá mọ̀ nípa ìwòsàn, tó sì wà nítòsí, kó jọ̀wọ́ yà sọ́dọ̀ mi ní Akaka."

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́. Mọ́rọ́nfọ́lá ni, ní Ṣàgámù. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni, àfi èmi. Ó kọ ọ́ sí ìrù lẹ́tà rẹ̀ nígbà kan. Mo gé e.

"Yọ ọ́," ni mo wí. "Èmi fúnra mi á yà síbẹ̀."

"Lónìí, sà?"

"Lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn Sábáàtì."

Moríyọ̀ wò mí. Ó yọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú dé. Mo fọ aṣọ. Mo jẹun. Mo tú ẹ̀yìn rédíò mi, mo nu eruku inú rẹ̀. Òjò ò rọ̀. Àlejò ò wá. Kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́. Mo gbàgbé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Sàídì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Kò pa ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní Bàbá ti lọ. Ó ní láàárọ̀ àná ni àwọn ará àdúgbò kan ilẹ̀kùn títí, tí wọ́n sì já a. Wọ́n bá Bàbá lórí àga, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́rédíò létí wọn méjèèjì. Rédíò ṣì ń hó. Bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Níbi ìsìnkú, Mọ́rọ́nfọ́lá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bùrọ̀dá, ṣé wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara àwọn ò yá ni?"

"Ẹgbẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan," ni mo dá a lóhùn.

Òtítọ́ ni. Ẹgbẹ́ ò gbọ́. Irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi náà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọyẹ́ ti ń sún mọ́lé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan mo jókòó ti rédíò nílé. Iná ò sí. Àwọn àdán ti ń jáde láti inú igi máńgòrò, ọ̀run sì pọ́n. Abẹ́rẹ́ rédíò mi wà lórí mítà mọ́kànlélógójì, láàárín iléeṣẹ́ méjì, níbi tí kò sí nǹkan kan rí. Ariwo ni mo ń gbọ́. Ariwo náà wá dákẹ́.

Ohùn kan sọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi dúpẹ́. Ìyàwó mi bí ìbejì."

Lẹ́yìn náà, ó pa kẹ́kẹ́. Kò tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan.

"Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tíì sọ fún àwọn ará ilé."

Ọkùnrin ni. Kì í ṣe ohùn Bàbá. Kì í ṣe ohùn ẹni tí mo mọ̀. Ó ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí olùkọ́ ṣe ń ka orúkọ ọmọ iléèwé. Mo kọ́kọ́ rò pé eré orí rédíò ni. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, mo sún mọ́ rédíò. Mo mọ gbólóhùn náà. Mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn ni, ikú ìyá rẹ̀ pé ogójì ọjọ́ lọ́jọ́ náà. Mo gé e lọ́dún tó kọjá.

Gbogbo ohun tí mo gé ni. Ó ń kà wọ́n bí mo ṣe gé wọn, láti orí àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ariwo tún padà.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé rédíò lọ sí ọ́fíìsì. Mo bẹ Moríyọ̀ pé kó dúró dè mí lẹ́yìn iṣẹ́. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nígbà tí aago tó, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé lánàá.

Moríyọ̀ gbọ́ méjì. Ó dìde.

"Sà, ọwọ́ mi ló tẹ èyí. Ẹ ní kí n yọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ta ló gbé e fún wọn?"

A kò tọ́jú wọn síbì kankan. Bí a bá ti yọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Moríyọ̀ gbé àpò rẹ̀. Ó jáde láì dágbére. Kò sì fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ọ. Mo ti mọ ibi tó ń lọ. Oṣù kẹta, oṣù kẹfà, oṣù kẹjọ. Mo gbọ́ òjò tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́. Mo gbọ́ ọdún méje ìyàwó. Mo gbọ́ ti Mọ́rọ́nfọ́lá pẹ̀lú: "Ẹ má bínú tí mi ò tètè kọ̀wé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n ráyè." Mo lè pa rédíò náà. Mi ò pa á.

Ìrọ̀lẹ́ karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Sábáàtì ti ń wọlé. Orin àwọn ará ìjọ ń bọ̀ láti òkèèrè, ó sì yẹ kí n wà láàárín wọn. Mo jókòó sínú òkùnkùn yàrá mi, mo ń dúró.

"Àyà ń dùn mí láti ọjọ́ Ajé."

Ó dákẹ́. Kò ka èyí tó kù. Ariwo ò sì padà. Àyè ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo tẹlifóònù á mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó wà lódìkejì ò bá sọ̀rọ̀ tí ẹ sì mọ̀ pé kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹnìkan ń dúró. Mo ń gbọ́ èémí.

Rédíò mi ò lè gbé ohùn jáde. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo tẹ orí mi ba níwájú rẹ̀, mo la ẹnu.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

Mo dúró. Èémí náà gùn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ariwo bo gbogbo rẹ̀. Mo wo aago, bí àwa olùgbọ́ rédíò ṣe máa ń ṣe. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ohùn náà ò padà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹgbẹ́. Mo kọ ìrù lẹ́tà Bàbá síbẹ̀, lódindi. Mo kọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò kan rédíò tí mo fi ránṣẹ́ nìyẹn. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan bá mi kẹ́dùn, ìyẹn sì burú ju èébú lọ. Mọ́rọ́nfọ́lá ò fèsì. Ó wọkọ̀ wá sí Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀. Kò jókòó.

"Mo wà nílé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Bùrọ̀dá. Mo wà nílé ní Sátidé. Aṣọ ni mò ń lọ̀."

Ó yí padà, ó lọ.

Ó kù Adétóun. Ó ṣì wà ní Akaka, ó ń palẹ̀ ẹrù bàbá rẹ̀ mọ́. Sàídì ló gbé mi lọ. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Àyà dídùn ni mo sọ, àti nọ́ọ̀sì tí mo mọ̀ ní Ṣàgámù, àti gígé tí mo gé e. Mi ò sọ nǹkan kan nípa ohùn inú rédíò.

"Ẹ rí i kà," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì mọ nọ́ọ̀sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò sunkún. Ó wọ yàrá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ìwé àkọsílẹ̀ Bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orúkọ yín wà nínú èyí. Ẹ bá mi kà á. Kò yé mi."

Ojú ewé tó kẹ́yìn ni. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá. Kò gbọ̀n. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tó ṣáájú àárọ̀ tí wọ́n já ilẹ̀kùn. Mo kà á sókè fún un.

"Mítà mọ́kànlélógójì. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìrọ̀lẹ́. Ohùn Éfúráímù. Ó ní, Bàbá, ẹ forí jì mí. Agbára: mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo dá a lóhùn. Kò gbọ́."

Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Òfìfo ni. Mo ṣí òmíràn. Òfìfo.

Adétóun rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

"Kí ni bàbá mi fi dá yín lóhùn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí, ó ń retí. Mo tún un sọ fún un pé mi ò mọ̀.

Mi ò sì tíì mọ̀ di òní.