Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lórí Òkè

Òjò wínníwínní ń rọ̀ lọ́jọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ rí awakọ̀ náà. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣí agboòrùn dúdú ńlá kan, ó ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú aránṣọ ti ń dùn. Àṣé ẹrù funfun tó gbé lápá ni ọkùnrin náà ń gbé agboòrùn bọ̀ wá bá. Awakọ̀ bo ẹrù náà dáadáa, ó fi ẹni tó gbé e sílẹ̀ sínú òjò.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Omi máa gbẹ lára yín. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ìyàwó yìí bá tutù, ẹnì kan máa sunkún."

"Ta ló sọ fún yín pé aṣọ ìyàwó ni?"

"Bí ẹ ṣe gbé e ni. Bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tuntun."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì Kẹsàn-án ni ọkùnrin náà ń wà, àwọn àgbà àdúgbò sì mọ ìtàn bọ́ọ̀sì yìí bí ẹni mọ ìtàn ẹbí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló ń dé mọ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Nígbà tó yá, ó dé ìdí táǹkì omi nísàlẹ̀ òkè. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ló tó gun òkè, tó wá ń parí ìrìn rẹ̀ lẹ́nu géètì bàbá aránṣọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gbé e gòkè. Àwọn kan ní olóṣèlú kan ló fi wá ìbò. Irọ́ gbáà ni.

Lórí òkè, awakọ̀ a máa sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó yí padà, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ilé ni aránṣọ ti ń ránṣọ, kì í sábà jáde, nítorí náà ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ọkùnrin á dúró níta géètì, obìnrin á dúró nínú, téèpù ìwọnṣọ á wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ ti wọn gbogbo àdúgbò tán. Èmi ńkọ́?"

"Kí ni kí n rán fún yín?"

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wọ̀n mí. A ó jọ ronú èyí tó kù."

Kò wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, awakọ̀ sì ti sọ pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò sì ní ẹlòmíràn nílé ju ọmọ yìí lọ.

"Awakọ̀?" ni Bàbá wí. "Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Ibo ló fẹ́ mú ẹ dé?"

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ òpó ibùdókọ̀: Bọ́ọ̀sì Kẹsàn-án kò ní gun òkè mọ́, ìdí táǹkì ni yóò ti máa yí padà. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, awakọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó fẹsẹ̀ gun òkè wá. Bàbá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ọkọ̀ yín kì í dé ibí mọ́," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni awakọ̀ dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Láti ojú fèrèsé ni aránṣọ ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun ò ní fi Bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Oṣù mẹ́rin ló fi ń wo òrùlé bọ́ọ̀sì náà lókèèrè. Bó bá dé ìdí táǹkì, awakọ̀ á tan iná iwájú lẹ́ẹ̀mejì, á sì yí padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́ títí ọkọ̀ á fi kọjá lọ. Àárò ọkùnrin náà mú un débi pé ó rán apá òsì aṣọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí kò mọ̀ títí oníbàárà fi gbé e wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìwé tó fi ń gé bátànì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kó ìdì ìwé kan fún un látinú àpótí, kò tiẹ̀ wò ó.

"Gé wọn bó ṣe wù ẹ́. Ìwé àtijọ́ ni."

Bàbá tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tó bá kọ ti gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Aránṣọ ti gé ọ̀kan sí méjì kó tó rí i pé ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà náà ti gbó ju aránṣọ alára lọ. *Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi,* ni Bàbá kọ. *Ó lóyún, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gun òkè yìí. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń dúró nídìí táǹkì títí n ó fi rí fìlà funfun rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ mi.*

Lẹ́tà kejì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí Bàbá kọ ọ́: *Òkè náà ga jù, èrò kò sì sí. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yín gùn ún mọ́.*

Inú bí i gan-an. Síbẹ̀, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó rán lẹ́tà àkọ́kọ́ pọ̀ lójú ibi tó ti gé e, ó sì tẹ́ méjèèjì síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, èwo lẹ kọ tọkàntọkàn nínú méjèèjì?"

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ojú òwú náà.

"Mo ti gbàgbé pé mo máa ń dúró níbẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni n ó máa dúró dè?"

"Èmi náà ni, Bàbá. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ló fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Bírò ni Bàbá ní kó bá òun mú wá.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì gun òkè. Bàbá ti wà lẹ́nu géètì ṣáájú ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí.

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń sinmi níbí?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Kò tó fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣé o níṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Mi ò níṣẹ́, sà."

"Wá nígbà náà. Má fẹsẹ̀ rìn o. Wọ ọkọ̀ wá."

Bàbá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Aránṣọ ṣí géètì, ó jáde síta, ó yọ téèpù lọ́rùn rẹ̀.

"Na apá."

"Kí lo fẹ́ rán fún mi?"

"Aṣọ ọkọ ìyàwó," ni aránṣọ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.