Iná Mẹ́fà Lójúde, Òkùnkùn Lẹ́yìnkùlé

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, télọ̀ á pa máṣíìnì rẹ̀ tì, á na ọwọ́ sí súìṣì ẹnu ọ̀nà, ojúde ilé rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ kedere. Iná mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mẹ́rin kọjú sí títì láti orí ògiri, méjì fara pamọ́ sáàárín òdòdó, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ á dúró wò ó.

"Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n máa ń kí i.

Inú télọ̀ á dùn débi pé á tún jókòó síta díẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ta ni wọ́n ń yìn tí kò ní fẹ́ kí wọ́n tún un sọ?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ilé yìí kan náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Yàrá ìyá télọ̀ ló kọjú síbẹ̀. Àtẹ̀gùn simẹ́ńtì mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà màmá lọ síbi ẹ̀rọ omi, okùn aṣọ, àti ebè tòmátò mẹ́rin tí màmá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra iná, ẹyọ kan péré ni màmá bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ọmọ mi, bá mi fi ọ̀kan síbi àtẹ̀gùn yìí."

"Lẹ́yìnkùlé, màámi? Ta ló máa rí i níbẹ̀?"

Màmá padà sídìí tòmátò rẹ̀. Obìnrin kan wà ládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ iná, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa. Òun náà ti sọ fún télọ̀ pé kí àwọn jọ rìn yí ilé ká ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó ra ohunkóhun. Télọ̀ ní aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra iná, òun ló ra wáyà, òun náà ló so ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, màmá sáré jáde lọ ká aṣọ. Nígbà tó ń padà, aṣọ kún apá rẹ̀, kò rí àtẹ̀gùn, ó sì ṣubú. Ìyàwó télọ̀ ló gbọ́ igbe rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú. Ó ti kán.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí màmá?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Ojú ti télọ̀ láti sọ òótọ́. "Àgbà ló dé, nọ́ọ̀sì. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá yíjú sí ògiri, kò sì já ọmọ rẹ̀ nírọ́.

Irọ́ yìí kò dúró sí ọsibítù. Nígbà tó dé etí ẹ̀gbọ́n obìnrin tí télọ̀ ní, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù.

"Tójú màmá bá ti dà bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dá jáde mọ́. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn pa."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó sì tì í. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ni màmá ti ń wo tòmátò rẹ̀ bó ṣe ń rọ.

Ohun kan wà tí gbogbo ilé mọ̀. Láràárọ̀, màmá ló ń bá télọ̀ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, torí ojú télọ̀ fúnra rẹ̀ ò gbé ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ní báyìí tí wọ́n ti di ọwọ́ màmá, télọ̀ jókòó sẹ́nu iṣẹ́, ó ń fi òwú wá ihò. Ó tásé lẹ́ẹ̀meje. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ojú ta ni ẹ ní kò ríran?" ó béèrè, láì gbóhùn sókè.

Télọ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ojú gbà á tì, kò lè wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ lọ pe obìnrin oníná yẹn," ni ìyàwó wí.

Ìrọ̀lẹ́ ni oníná dé. Kò mú gílóòbù kankan wá. "Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń sàmì sáṣọ," ló wí. Ó kó ẹrù aṣọ lé télọ̀ lápá, ó ní kó tan iná ojúde bó ṣe máa ń tàn án, kó wá rìn láti ẹnu ọ̀nà màmá lọ sídìí okùn, kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde síwájú, kó sì padà.

Télọ̀ fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, kò bá a bọ̀rọ̀. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ ilé, ọ̀kan nínú iná ńlá ojúde gbá a lójú, gbogbo ilẹ̀ dúdú mọ́ ọn lójú pátápátá. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ṣiyèméjì, oníná á bẹ̀rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, àmì mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa ń gé aṣọ láì wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́?"

"Rárá o."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àmì mẹ́sàn-án yìí ni ìwọ̀n ilé yín. Ibẹ̀ niná yẹ. Iná kékeré tó wà nísàlẹ̀, tó dojú kọlẹ̀, ó sàn ju èyí tó ń fọ́ yín lójú yìí lọ. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá níwájú ilé yín náà ò ríran."

Ó ní kí wọ́n paná ilé láti ibi tí iná ti ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi òdòdó, ó fọwọ́ tú koríko. Wáyà tí wọ́n ṣe fún inú ilé ló bá níbẹ̀, ilẹ̀ ò bò ó dáadáa, ọ̀rá ni wọ́n sì fi wé ojú ibi tí wọ́n ti so ó.

"Ta ló ń bomi rin òdòdó yìí?"

"Màámi ni."

"Ẹ dúpẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló kán."

Télọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n ṣáà lè máa pe òun ní Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀, òun ì bá ti fi iná pa ìyá òun.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí màmá, télọ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni mo pa. Ojú màámi ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀ mí fún iná kan ṣoṣo, mo ní ta ló máa rí i."

 Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí màmá. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ ní ọsibítù, màámi?"

"Mi ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì fojú yẹpẹrẹ wo ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun télọ̀ ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ màmá sílẹ̀ ní ọsibítù, télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí nọ́ọ̀sì pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi iná sí àyíká ilé àti ọgbà yín, ẹ kọ́kọ́ rìn ín ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, lójú ọ̀nà tí àgbà àti ọmọdé ilé yín ń gbà. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti ṣiyèméjì, ẹ sàmì síbẹ̀: àtẹ̀gùn, ibi omi, kọ̀rọ̀ ilé, ẹnu géètì. Ẹ dojú iná kọlẹ̀, kó má fọ́ ará ilé lójú, kó má sì wọ yàrá aládùúgbò. Wáyà tí wọ́n ṣe fún ìta ni kí ẹ lò, nínú páìpù, àti iná tí omi ò lè wọ̀. Ẹ má fi ọ̀rá so wáyà, ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀.

Oníná ti pààrọ̀ wáyà, ó sì ti fi iná kékeré tó dojú kọlẹ̀ síbi tó sàmì sí. Iná mẹ́fà ojúde télọ̀ ti ku méjì. Àwọn kan bi í léèrè pé ṣé iná ti bàjẹ́ ni. Ó ní kò bàjẹ́, ẹ̀yìn ló lọ. Kò sí ẹni tó pè é ní Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́, màmá á sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì di ògiri mú, á lọ bomi rin tòmátò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè ẹni tó máa rí iná yín, ẹ béèrè ẹni tó máa gba ibẹ̀ kọjá.